Àpótí Ọ̀gbìn àti Bẹ́ńṣì Onígi Tí Yóò Pẹ́ Nínú Ọgbà Ilé

Ikán àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá igi ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ẹ bá fẹ́ kan àpótí tí ẹ ó gbin ẹ̀fọ́ sí, tàbí bẹ́ńṣì tí ẹ ó máa jókòó sí nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ọ̀rọ̀ ẹwà tó wọlé.

Ìrókò, apá àti tíìkì wà lára àwọn igi tó lè fara da òjò àti oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Arère kò wọ́n, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà bí ó bá wà níta. Síbẹ̀, orúkọ igi nìkan kò tó. Àárín igi, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ló le. Ibi tó funfun lẹ́bàá èèpo kò lágbára, ikán yóò sì jẹ ẹ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti ìrókò. Ẹ wo etí pákó kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí pákó ìrókò àtijọ́ lára ilé tí wọ́n wó, tí ikán kò sì tíì kàn án, ẹ rà á: ó ti gbẹ dénú, kò ní máa lọ́ mọ́, a kò sì ní torí rẹ̀ gé igi mìíràn.

Ẹ má ṣe gbé àpótí lé ilẹ̀ lásán. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lè tètè rí ọ̀nà tí ikán bá fi erùpẹ̀ mọ gòkè, kí ẹ ha á kúrò. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró. Jíjìn tó tó 30 sẹ̀ǹtímítà dára fún tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ata. Kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì ju 120 lọ, kí ọwọ́ lè kan àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àwọn káfíńtà kan a máa fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kun igi nítorí ikán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi kun àpótí ohun jíjẹ, nítorí pé òjé àti àwọn májèlé mìíràn lè wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ̀fọ́ yín ń mu.

Ní ti bẹ́ńṣì, kí ìjókòó rẹ̀ ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà, kí àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín pákó kan àti èkejì kí òjò lè ṣàn kọjá. Bí àgbàlagbà yóò bá máa lò ó, ẹ fi ìgbọ́wọ́lé sí i, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú dìde. Apá ìlà oòrùn ilé ni kí ẹ gbé e sí, torí ibẹ̀ ni òjìji ilé máa ń bọ́ sí nírọ̀lẹ́. Ibi tí oòrùn ti ń pa ni kí àpótí ẹ̀fọ́ wà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n efinrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì yóò máa ta sánsán sí ẹni tó jókòó.

Síkúrúù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò dípò ìṣó. Igi máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, ẹ yẹ gbogbo wọn wò, kí ẹ sì tún èyí tó bá ti tú dè.