Ìṣirò ìṣeéṣe: bí a ṣe ń mọ òfin tó yẹ kí a lò

Nínú ìṣirò ìṣeéṣe, yíyan fọ́múlà ló le jù. Ìṣirò fúnra rẹ̀ kì í sábà ju ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lọ. Ìbéèrè méjì ló máa ń là á: ṣé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ pọ̀? Bí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀, ṣé ó yí ìṣeéṣe èkejì padà? Kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ "A tàbí B", àròpọ̀ ni (P(A) ni ìṣeéṣe pé A ṣẹlẹ̀):

P(A tàbí B) = P(A) + P(B) − P(A àti B)

Ká ní o ju dáìsì kan. A ni pé 2, 4 tàbí 6 jáde. B ni pé nọ́ńbà tó jáde ju 3 lọ, ìyẹn 4, 5 tàbí 6. Bí o bá kàn ro 3/6 pọ̀ mọ́ 3/6, wàá rí 1, bí ẹni pé 1 àti 3 kò sí lójú dáìsì mọ́. Ohun tó fà á ni pé o ka 4 àti 6 lẹ́ẹ̀mejì. Yọ 2/6 kúrò, ó ku 4/6. Àfi bí A àti B kò bá lè ṣẹlẹ̀ pọ̀ rárá ni o kò fi ní yọ nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ "A àti B", ìsọdipúpọ̀ ni:

P(A àti B) = P(A) × P(B | A)

Ka P(B | A) sí ìṣeéṣe B nígbà tí A ti ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù pupa 5 àti dúdú 3 wà nínú àpò, o mú méjì láìdá èyí àkọ́kọ́ padà. Ìṣeéṣe pé pupa ni méjèèjì jẹ́ 5/8 × 4/7 = 5/14, nǹkan bíi 0.357. Bí o bá dá àkọ́kọ́ padà, 5/8 × 5/8 ni, bíi 0.391. Nítorí náà, wá gbólóhùn "láìdá a padà" nínú ìbéèrè. Òun ló ń pinnu nọ́ńbà kejì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n rò pé ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí kò lè ṣẹlẹ̀ pọ̀ kò gbára lé ara wọn. Òdìkejì gan-an ni. Bí A bá ṣẹlẹ̀, tí ìyẹn sì dínà mọ́ B pátápátá, ìṣeéṣe B ti já sí 0. Kí ló tún kù tó lè gbára lé nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Bí o bá rí "ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan", má ṣe máa to gbogbo ọ̀nà tó lè gbà ṣẹlẹ̀. Ṣírò ìṣeéṣe pé kò ṣẹlẹ̀ rárá, kí o yọ ọ́ kúrò nínú 1. Pé 6 yóò jáde ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan bí a bá ju dáìsì kan nígbà 4: 1 − (5/6)⁴ = 0.518. Pé 6 méjì yóò jáde pọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan bí a bá ju dáìsì méjì nígbà 24: 1 − (35/36)²⁴ = 0.491. Ojú lásán yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Irú ìbéèrè tẹ́tẹ́ báyìí wà lára ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ ìṣirò Pascal àti Fermat máa kọ lẹ́tà síra wọn ní 1654.

Má sì ṣe fi P(A | B) pe P(B | A). Ká ní ènìyàn 1 nínú 100 ló ní àrùn kan. Àyẹ̀wò ń mú 90 nínú 100 àwọn tó ní i, ṣùgbọ́n ó tún ń fi ẹ̀sùn èké kan 5 nínú 100 àwọn tí kò ní i. Lo ènìyàn 10,000, fọ́múlà Bayes (èyí tó so P(A | B) mọ́ P(B | A)) yóò yanjú ara rẹ̀: 100 ló ní àrùn, àyẹ̀wò mú 90, 9,900 kò ní i, àyẹ̀wò mú 495. Nínú 585 tí àyẹ̀wò mú, 90 péré ló ní àrùn lóòótọ́, bíi 0.154. Ẹni tó dáhùn 0.90 ti dáhùn ìbéèrè mìíràn.

Yíyan ìpínká ìṣeéṣe

Ìpínká ìṣeéṣe ló ń sọ bí ìṣeéṣe ṣe pín láàárín àwọn iye tó lè jáde. Bi ara rẹ léèrè pé kí ni a ń kà, tàbí kí ni a ń wọ̀n.

Binomial wà fún kíka iye ìgbà (k) tí nǹkan yọrí sí rere nínú iye ìgbìyànjú (n) tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ní àbájáde méjì péré, p, ìyẹn ìṣeéṣe pé ó yọrí sí rere, kì í yí padà, ìkan kì í sì nípa lórí ìkejì.

P(X = k) = C(n, k) × pᵏ × (1 − p)ⁿ⁻ᵏ

C(n, k) ni iye ètò tí ìgbà k lè gbà wà nínú ìgbìyànjú n. Bí n bá jẹ́ 10, tí p jẹ́ 0.2, ìṣeéṣe pé k jẹ́ 3 jẹ́ 120 × 0.008 × 0.2097 = 0.201. Bí o bá gbàgbé 120 yẹn, 0.0017 ni wàá kọ, nítorí ètò kan ṣoṣo nínú 120 lo kà. Mean (ìpíndọ́gba) rẹ̀ jẹ́ np, variance (ìwọ̀n bí iye ṣe fọ́n ká tó) jẹ́ np(1 − p).

Poisson kò ní n. Iye tó ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò tàbí àyè kan ló ń kà, λ sì ni mean àti variance rẹ̀. Bí ìpè 3 bá ń wọlé ní wákàtí kan, λ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ 1.5, ìṣeéṣe pé kò sí ìpè kankan láàárín rẹ̀ sì jẹ́ e⁻¹·⁵ = 0.223 (e jẹ́ bíi 2.718). Ẹni tó fi λ sílẹ̀ ní 3 yóò rí 0.050.

Normal wà fún ohun tí a ń wọ̀n. Kọ́kọ́ sọ ọ́ di z = (x − μ)/σ (μ ni mean, σ ni standard deviation, ìyẹn gbòǹgbò variance), lẹ́yìn náà wo tábìlì Normal. Bí mean bá jẹ́ 60, tí standard deviation jẹ́ 8, 72 fún wa ní z = 1.5, tábìlì sọ 0.9332. Ìṣeéṣe àwọn tó wà nísàlẹ̀ 72 nìyẹn, nítorí náà àwọn tó jù ú lọ jẹ́ 0.0668. Ya àwòrán, kí o kun apá tí ìbéèrè ń fẹ́. Kíyè sí i pẹ̀lú pé nínú N(60, 64), ìyẹn Normal tí mean rẹ̀ jẹ́ 60, variance ni 64; 8 lo máa fi pín, kì í ṣe 64.

A lè fi Normal rọ́pò Binomial bí np àti n(1 − p) kò bá dín ní 5, ṣùgbọ́n ìdajì ni a máa ń sún ààlà. Ju owó ẹyọ nígbà 100: mean 50, standard deviation 5. Fún orí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lo 54.5: z = 0.9, ìdáhùn 0.184, èyí tó bá ti Binomial gangan mu. Bí o bá lo 55, 0.159 ni wàá rí.