Fádà, Díákónì àbí Ọmọ Ìjọ: Ta Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Pè?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ lọ sí Mísà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọkùnrin kan wọṣọ bíi ti Fádà, ó ka Ìhìnrere, ó wàásù, wọ́n ṣe Mísà tán ẹ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀, ẹ ní háà, Fádà tó níyàwó kẹ̀! Ẹ fara balẹ̀ jàre, Díákónì ni, ẹni tí wọ́n fi oyè mímọ́ yàn àmọ́ tí oyè ẹ̀ kò tó ti Fádà. (Àwọn Fádà tó níyàwó náà wà nínú Kátólíìkì o, pàápàá láwọn ìjọ ti Ìlà Oòrùn, àmọ́ ìyẹn ò pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa.)

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo sítóòlù ọrùn wọn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yẹn. Fádà máa ń fi kọ́rùn ni, tí apá méjèèjì á wálẹ̀ níwájú. Ti Díákónì, ó máa ń dábùú àyà ni, láti èjìká òsì lọ sí ìbàdí ọ̀tún. Tí wọ́n bá ti wọ aṣọ ńlá lé e ẹ lè má rí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà máa wò ó, kò ní sọ búrẹ́dì àti wáìnì di Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa láé, iṣẹ́ Fádà nìyẹn.

Ìdí tó fi ń ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu ni pé Díákónì tá a mọ̀ nílé, ọmọ séminárì tó fẹ́ di Fádà ni, òfin ní kó lo oṣù 6 ó kéré tán kó tó gba oyè Fádà. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn, àfi ìgbà tí ìpàdé Fátíkàn Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé (1962 sí 1965), ní kí wọ́n dá Díákónì tó máa wà bẹ́ẹ̀ títí ayé padà, Póòpù Paul VI sì ṣòfin ẹ̀ lọ́dún 1967. Ọkùnrin tó ti níyàwó lè ṣe é, kó ṣáà ti pé ọmọ ọdún 35, kí ìyàwó ẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ gba fọ́ọ̀mù tán kẹ́ ẹ tó wá sọ fún màdáámù nílé o! Ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́, torí tí ìyàwó bá kú, òfin ò gbà kí Díákónì fẹ́ òmíì. Lẹ́yìn náà ẹ lọ rí Fádà páríìṣì yín, òun ló máa gbé orúkọ yín dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe gbogbo dáyósíìsì (agbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù kan ń bójú tó) ló ń ṣe é.

Àwa ọmọ ìjọ náà ńkọ́? Kì í ṣe ká kàn máa jókòó ká máa ṣe Àmín. Lọ́dún 1972 ni Paul VI ti ní iṣẹ́ òǹkàwé àti ti akólítì (ẹni tó ń ṣèrànwọ́ nídìí pẹpẹ) kì í ṣe tàwọn tó fẹ́ di Fádà nìkan mọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló lè gbà á nígbà yẹn, ó di January 2021 kí Póòpù Francis tó ṣílẹ̀kùn fáwọn obìnrin, nígbà tó di May ọdún yẹn ó fi ti kátíkíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kún un. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ọmọ ìjọ fẹ́ gbaṣẹ́ Fádà, ẹ bi í pé ta ló ń kó àwọn Kátólíìkì Èkó jọ kí àwọn Fádà tó wá jókòó síbẹ̀ lọ́dún 1868. Pa Antonio ni, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀, kì í sì í ṣe Fádà.

Owó ṣọ́ọ̀ṣì náà, òfin sọ pé páríìṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìṣúná. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ akauńtáǹtì, lójú tèmi ibẹ̀ lẹ ti wúlò jù, ju kẹ́ ẹ tún lọ ra yunifọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ míì lọ.

Ìsàmì ọmọ, Díákónì lè ṣe é, ó lè so tọkọtìyàwó pọ̀ tí Fádà páríìṣì bá yọ̀ǹda, ó lè sìnkú. Tí ọmọ tuntun bá fẹ́ kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọsibítù, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ìsàmì fún un, nọ́ọ̀sì pàápàá. Ẹ dárúkọ ẹ̀, bẹ́ ẹ sì ṣe ń da omi lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa sọ pé “Mo ṣe ìsàmì fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.” “Mo” o, kì í ṣe “A”, Fátíkàn ti sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2020 pé tẹ́ ẹ bá lo “A” kò múlẹ̀. Kẹ́ ẹ wá lọ sọ fún páríìṣì kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ aláìsàn gan-an ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ọmọ ìjọ tí wọ́n yàn (láti 1973 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i) lè gbé Ara Olúwa wá sílé, Díákónì náà lè gbé e wá. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, ẹ gbé àgbélébùú àti àbẹ́là sí i, ẹ bu omi sínú gíláàsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa tíífíì. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti òróró aláìsàn, Fádà nìkan ló lè ṣe é, bí Díákónì ṣe lè mọ àdúrà gbà tó. Ẹ má dúró dìgbà tí bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó pè, torí báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́wọ́? Tẹ́ ẹ bá pe Fádà, ẹ sọ orúkọ aláìsàn, wọ́ọ̀dù tó wà, bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀, bóyá ó ṣì lè gbé nǹkan mì, kí Fádà lè mọ ohun tó máa gbé dání. Tí Fádà yín ò bá gbé fóònù, ẹ pe ti páríìṣì tó wà nítòsí, Fádà èyíkéyìí ló lè fi òróró yàn án tó bá ti di pàjáwìrì.