Bí A Ṣe Ń Yan Irú Fídíò Tí Yóò Ṣí Níbi Gbogbo

Kí ẹ tó fi fídíò ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé MP4 tó wà ní ìparí orúkọ fáìlì kò ju àpótí lásán lọ. Kódẹ́ẹ̀kì inú rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń fún àwòrán pọ̀ kí fáìlì lè kéré, ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè fi àwòrán náà hàn, ìdí nìyí tí MP4 kan fi lè ṣí dáadáa, tí òmíràn yóò sì máa dún láìfi àwòrán hàn.

Bí ẹ kò bá mọ ẹ̀rọ tí wọn yóò fi wò ó, kódẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ń pè ní H.264 ni kí ẹ lò. Láti ọdún 2003 tí ó ti jáde ni àwọn tó ń ṣe fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ti ń fi agbára láti ṣí i sínú ẹ̀rọ wọn, èyí ló sì sọ ọ́ di ìlànà àjùmọ̀lò, ju òǹtẹ̀ àjọ kankan lọ. H.265, ti ọdún 2013, ń mú kí fáìlì kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wàhálà gidi sì nìyẹn. Wọ́n ṣe kódẹ́ẹ̀kì míì, AV1, ní 2018 kí ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan irú owó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó lè mú kí fóònù tó ti pẹ́ gbóná, kí bátìrì rẹ̀ sì tètè tán.