Bí ẹ ṣe lè gbé ẹrù kóòsì yín lé orí òṣùwọ̀n kan náà

Nígbà tí àwọn yunifásítì bá wọ ìsinmi, tí àwọn ọmọ wa láti Lọ́kọ́ja, Ìlọrin àti Zaria bá ti wọlé dé Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, kì í pẹ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo wà níbi irú rẹ̀ kan nílé wa ní Kàbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin, tó ń kọ́ Biochemistry, ní kóòsì 10 ni òun ń ṣe ní sáà náà. Ọmọ àbúrò mi, obìnrin, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn, ní 7 ni tòun, ṣùgbọ́n yúnítì òun jẹ́ 21 nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n òun kò ju 18 lọ. Iṣu sísun tí a gbé kalẹ̀ ti tutù kí wọ́n tó gbà láti mú bírò àti ìwé. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun mẹ́ta ni kí olúkúlùkù mú wá: fọ́ọ̀mù tó fi forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì, àtẹ àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti ìwé ìlànà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó to gbogbo kóòsì láti ọdún kìíní títí dé ọdún ìkẹyìn. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fi nẹ́tíwọọ̀kì abúlé gbẹ́kẹ̀ lé ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́, á kàn jókòó máa wo fóònù ni.

Ẹ kọ́kọ́ sọ yúnítì di wákàtí. Yúnítì kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ sí wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15 tí sáà kan ń gbà; ṣùgbọ́n yúnítì kan fún iṣẹ́ inú láàbù sábà máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí a tú ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi palẹ̀, a rí kóòsì 6 tó jẹ́ yúnítì méjì-méjì, ìyẹn wákàtí 12. Ọ̀kan tó jẹ́ yúnítì mẹ́ta, wákàtí 3. Àti iṣẹ́ láàbù 3 tó jẹ́ yúnítì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 9. Àpapọ̀ yúnítì rẹ̀ jẹ́ 18 lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí rẹ̀ jẹ́ 24. Kóòsì 7 ti àbúrò rẹ̀, yúnítì mẹ́ta-mẹ́ta, jẹ́ wákàtí 21 péré. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jàre nígbà náà.” Mo ní kó má tíì tẹríba, nítorí àtẹ àkókò kì í ka ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ń kà lóru àti àròkọ tó ń kọ. Ẹ ṣírò wákàtí ìwé kíkà àti ti àbọ̀ iṣẹ́ láàbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí àtẹ, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún ara yín.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo ipa tí kóòsì kọ̀ọ̀kan ń kó nínú CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì gbogbo sáà tí ẹ ti ṣe. Lórí òṣùwọ̀n máàkì márùn-ún, níbi tí A ti jẹ́ 5, tí B jẹ́ 4, tí C sì jẹ́ 3, iye yìí ni a ń sọ di púpọ̀ ní ìlọ́po yúnítì. Ẹni tó bá já láti B sí C nínú kóòsì oníyúnítì mẹ́ta pàdánù máàkì 3. Ẹni tó já bẹ́ẹ̀ nínú láàbù oníyúnítì kan pàdánù 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ibi tí yúnítì pọ̀ sí ni ó yẹ kí ìmúra ìdánwò pọ̀ sí.

Apá tí ó ṣòro jù ni ti kóòsì tó so mọ́ra wọn. Èmi fúnra mi kùnà kóòsì oníyúnítì méjì kan ní ọdún kejì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ tí n kò ní dárúkọ, mo sì rò pé nǹkan kékeré ni. N kò mọ̀ pé òun ni ẹnu ọ̀nà sí kóòsì ọdún kẹta kan, àti pé sáà kìíní nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi san án. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo kóòsì tó kù sórí ìwé fífẹ̀ kan, ẹ fa ìlà láti ara èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege sí èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi pupa yí èyí tó ní ìlà púpọ̀ jù po. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, yúnítì sáà kan kì í dín ní 15, kì í sì ju 24 lọ. Ẹni tí sáà rẹ̀ bá ti ní yúnítì 21 tẹ́lẹ̀, kárí-ófà (kóòsì tí a kùnà tí a ní láti tún ṣe) oníyúnítì mẹ́ta kan péré ni àyè rẹ̀ gbà. Bí ó bá di méjì, ó di dandan kó sún nǹkan kan síwájú.

Ní ti iye ọdún, ẹ má fi ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin wé ti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ márùn-ún láìyọ oṣù mẹ́fà SIWES (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́) kúrò, ẹ sì rántí pé ọdún kejì ni ẹni tó gba Direct Entry, ìyẹn ẹni tó fi ìwé-ẹ̀rí tó ga ju ti girama lọ wọlé, ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀ka yín bá jẹ́ ọ̀kan náà ní yunifásítì méjì, ìwéra á rọrùn díẹ̀, nítorí nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé kalẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ìdá 30 tó kù. Ìdá 30 yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ àbúrò mi rí i pé sáà kejì òun ní yúnítì 24 nígbà tí ti ìkíní jẹ́ 21, ó sì rí kóòsì àṣàyàn kan tí wọ́n ń kọ́ ní sáà méjèèjì. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé láti mú un wá síwájú ní ọdún tó ń bọ̀, kí ó lè ní àyè fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ó sì ká ìwé náà sínú báàgì, kí ó lè fi han olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ̀ kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí.