Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Texas

Ẹ̀yin ará, láti 2019, ẹ ò nílò láísẹ́ǹsì ọdẹ láti pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ aládàáni ní Texas, bí onílẹ̀ bá ti gbà. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà, torí màlúù. Ẹ má yìnbọn sí ẹlẹ́dẹ̀ tó dúró lórí òkè, tó jẹ́ ojú ọ̀run nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò mọ ẹni tó wà lódìkejì. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ rọ́bà gan-an ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó la ikùn ẹran, pàápàá bí egbò bá wà lọ́wọ́ yín: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kó brucellosis, àrùn bakitéríà tó ń fa ibà, ranni. Kí ẹran náà sì jinná dénú o, ẹ̀yin alásun!