Súìtì onígi tó ń já bọ́ lára káàdì Ọjọ́ Olólùfẹ́: ohun tó gbà á

Súìtì onígi tí àwọn ọmọ lẹ̀ mọ́ káàdì ń já bọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Gọ́ọ̀mù funfun kò mú un, torí ọ̀rá tí wọ́n fi wé súìtì kì í fa omi mu. Sẹ́lótéèpù ya bébà. Gọ́ọ̀mù gbígbóná? Ó ń yọ́ ọ̀rá, ó sì lè jó ọmọ lọ́wọ́.

Ohun tó yanjú ẹ̀ kò ní gọ́ọ̀mù rárá. Ẹ lo páálí tó le. Ẹ la ojú méjì sí i níbùú, sẹ̀ntímítà 1 ní fífẹ̀, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ̀ntímítà 3. Àgbà ni kó mú abẹ o. Ọmọ á ki igi súìtì bọ ojú òkè láti iwájú, á fà á yọ nísàlẹ̀. Ẹ fi téèpù mú igi náà lẹ́yìn; páálí tó le kì í tètè ya bíi bébà. Súìtì tó bá tóbi gan-an lè nílò ojú kẹta.