Owó Ìfọ̀ Gbọ̀ngàn

Owó tí kò tọ́ kí a san ni ó mú mi kọ ìrírí yìí. A ti sanwó gbọ̀ngàn kan ní Òṣogbo fún ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà lórí psoriasis, àrùn awọ ara kan, kí alábòójútó rẹ̀ tó gbọ́ pé àwọn tí àrùn náà ń bá fínra ni yóò máa gba àlejò níbẹ̀, ó sì ní kí a san owó oògùn apakòkòrò tí wọn yóò fi fọ ilẹ̀ àti àga lẹ́yìn wa.

Inú bí mi gidigidi. Mo ṣàlàyé pé psoriasis kì í ràn, pé agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà ni ó ṣìnà, tí awọ tuntun, tí ó yẹ kí ó gba nǹkan bí oṣù kan kí ó tó yọ sókè, fi ń yọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ó sì ń di ìpẹ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí a ṣáà san owó ìfọ̀. Mo lọ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ìwé náà pẹ́ kí ó tó jáde, alábòójútó sì kà á tán, ó fi í sínú àpò, ó tún dárúkọ iye kan náà. Ọjọ́ ìpàtẹ ti sún mọ́lé, a sì san án.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé tíṣà kan tí ó ní àrùn náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ni ó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ohùn ara mi ka gbólóhùn yẹn, pé psoriasis kì í ràn, sínú ẹ̀rọ, kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí àlejò yóò gbọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe.

N kò ní pẹ́ lórí adìrẹ tí a fi bo ògiri, nítorí ta ni yóò kọ́ ará Òṣogbo ní aró? Ìlú tí ó ní igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005 pẹ̀lú àwọn ère inú rẹ̀, ti mọ bí a ṣe ń fẹsẹ̀ wọ inú iṣẹ́ ọnà. Nínú yàrá tiwa, àlejò yóò wọ apá aṣọ tí a fi àpò kókó rán, tí ó ń yúnni, kò sì gbọdọ̀ họra bí ó ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí àwọn alárùn lọ́jà àti nínú ọkọ̀. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba bọ́ tirẹ̀ kí ó tó rìn ín dópin, ó lọ bá tíṣà náà, ó ní, “Ọmọ mi, báwo lo ṣe wá ń sùn lóru?” Tíṣà ní ẹnikẹ́ni kò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ náà wú mi lórí títí di òní.

Owó ìfọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó gba ìwé dókítà kí ó tó san kọ́bọ̀, kí onígbọ̀ngàn sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé kò sí owó mìíràn mọ́. Kí ó sì yọ owó àwọn tí yóò fún un ní ohùn wọn sọ́tọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, nítorí lára tiwọn ni a ti yọ èyí tí a san fún alábòójútó.